Àṣìṣe Inú Ìwé Yorùbá àti Ibi Tí Wọ́n Ti Wá



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti dá ìjà kékeré sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ. Bí a bá pín ìwé ìkórè, tàbí ìwé ètò ìsìnkú, tàbí ìwé ìpè sí ìgbéyàwó ní Àgùdà yìí, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó fa kálàmù yọ láti fa ilà sí abẹ́ ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí ó kọ *aiye* ni àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín sí, pé *ayé* ni ó yẹ kí ó kọ. Ọ̀dọ́ tí ó kọ *Eku odun* ni àwọn àgbàlagbà ń bínú sí, pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọ èdè baba rẹ̀. Olúkúlùkù ní àṣìṣe tí ó ń bí i nínú, olúkúlùkù sì rò pé ọwọ́ òun ni òfin wà.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní aláìmọ̀wé, ó yẹ kí a wádìí ibi tí òfin ìkọ̀wé wa ti wá, àwọn tí ó ṣe é, àti ìgbà tí a yí i padà. Bí a bá ti gbọ́ ìtàn náà tán, ohun méjì yóò hàn sí wa: pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àṣìṣe jẹ́ àṣẹ àtijọ́ tí a ti gbàgbé, àti pé àṣìṣe tí ó ń ba ìtumọ̀ jẹ́ ní tòótọ́ ni èyí tí a kì í sábà bínú sí.

I. BÍ A TI BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KỌ YORÙBÁ

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Láti ìgbà náà lọ, ọkọ̀ ogun ojú omi wọn ń gba àwọn tí a kó lẹ́rú lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lójú òkun, wọ́n sì ń sọ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn ọmọ Yorùbá di púpọ̀ níbẹ̀. *Aku* ni a ń pè wọ́n, ìtumọ̀ tí a sì ń fún orúkọ náà ni pé láti inú ìkíni wọn, *ẹ kú*, ni ó ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Ní Freetown yìí ni a ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ èdè wa ní lẹ́tà àwọn òyìnbó. Hannah Kilham, obìnrin onígbàgbọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde ní 1828, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn èdè mìíràn ní Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀, John Raban, àlùfáà ẹgbẹ́ CMS, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ kéékèèké jáde láàrin 1830 àti 1832. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì. Etí àlejò ni wọ́n fi gbọ́ èdè náà.

Ẹni tí ó fi etí onílé gbọ́ ọ ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Ní 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther. Ní 1843 ni a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún náà sì ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ kọ jáde. Ní oṣù kìíní 1844 ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1850 a tẹ Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde. Ní 1852 a tún ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀, ó sì pọ̀ sí i, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i.

Ẹ jẹ́ kí a ro ìṣòro tí ó dojú kọ ọ́. Lẹ́tà fáwẹ́lì tí àwọn òyìnbó ní kò ju márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n méje ni èdè wa ní, láìka àwọn tí a ń fi imú pè. *S* kan ni wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni *isà* òkú yàtọ̀ sí *iṣà*, *sè* sì yàtọ̀ sí *ṣè*. Èyí tí ó wá le jù ni pé ohùn òkè, ohùn àárín, àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ kan náà padà di ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ti gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1848 fún kíkọ àwọn èdè tí a kò tí ì kọ sílẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Richard Lepsius, ṣe ìwé lẹ́tà kan jáde tí ẹgbẹ́ náà gbà láti máa tẹ̀ lé. Láti inú ìmọ̀ràn báwọ̀nyí ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwé wa: *ẹ, ọ, ṣ*. Ní ti *p*, nítorí pé èdè wa kò ní irú *p* tí Gẹ̀ẹ́sì ní, a lo lẹ́tà kan náà fún ìró tí àwọn aládùúgbò wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ewé, ń kọ ní *kp*.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ ni Crowther, èdè tí a sì kọ sínú ìwé súnmọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti ìlú mìíràn lọ. Láti ọjọ́ kìíní, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Oǹdó àti ọmọ Èkìtì ní láti kọ ohun tí ẹnu wọn kì í sọ nílé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣì í kọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé etí ìyá rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé.

II. ÌPÀDÉ ÈKÓ NÍ 1875

Bí ilé ìwé ti ń pọ̀ sí i, tí Henry Townsend sì ti bẹ̀rẹ̀ *Ìwé Ìròhìn* rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, olúkúlùkù ń kọ ọ̀rọ̀ bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe pe ìpàdé ní Èkó ní 1875, tí Crowther, ẹni tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, jẹ́ olórí rẹ̀. Ìpàdé náà ni ó fi ìlànà kan lélẹ̀ fún àwọn ìjọ. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé orin, ìwé àdúrà, àti Bíbélì tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó ti ibẹ̀ wá, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀nà ìkọ̀wé yìí ni àwọn òbí wa kọ́ ní ilé ìwé ìjọ. Nínú rẹ̀ ni a ti ń kọ *aiye, enia, yio, on, nwọn, nyin, obirin, ọkọnrin, ẹiyẹ*. A ń fi àmì kan sí orí lẹ́tà, bí ti *alãfia*, láti fi hàn pé a fa ohùn gùn. Tíṣà fi ẹgba kọ́ wọn; ẹni tí ó bá kọ *ayé* nígbà náà ni a ó sọ pé ó ṣì í.

Ní ti àmì ohùn, ìwọ̀nba ni àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí fi sí orí ọ̀rọ̀, pàápàá ibi tí a bá ti bẹ̀rù pé òǹkàwé lè ṣìnà. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ Yorùbá láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni a kọ ìwé náà fún. A retí pé òye yóò kún ohun tí lẹ́tà kù. Ìrètí yìí kò burú ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó fi àṣà kan sílẹ̀ fún wa, pé àmì ohùn dà bí ohun ọ̀ṣọ́ tí ènìyàn lè lò tàbí kí ó má lò ó.

III. ÌKỌ̀WÉ ÌJỌBA ÀTI TI OJÚ PÓPÓ

Bí àwọn ìjọ ti ń lo ọ̀nà tiwọn, ìjọba àwọn òyìnbó ń lo òmíràn. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, ní 1901 ó sì dé Ìbàdàn. Orúkọ ìlú tí a kọ sí ojú ibùdókọ̀ àti sínú àwòrán ilẹ̀ kò ní àmì abẹ́, kò sì ní àmì ohùn. *Ṣ* di *sh*, a sì ń kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Òṣogbo di *Oshogbo*, Iléṣà di *Ilesha*, Ọ̀fà di *Offa*, Ọ̀tà di *Otta*.

Kò yẹ kí a rìn jìnnà láti rí i. Èbúté Mẹ́ta ní etí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ṣì ń jẹ́ *Ebute Metta* lára pátákó, ó ní *t* méjì tí ẹnu Yorùbá kankan kì í pè. *Oshodi, Mushin* àti *Shomolu* di *sh* tiwọn mú. Orúkọ àdúgbò tí Àgùdà wà nínú rẹ̀ pàápàá, èyí tí ìjọba kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn 1955 nígbà tí a wó ilé wọn, gbólóhùn ni: sùúrù ní èrè. A fún un pọ̀ di Sùúrùlérè. *Surulere* ni gbogbo ayé ń kọ. *U* kan ti sọnù nínú sùúrù náà, àmì rẹ̀ sì ti lọ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọwọ́ tí àwọn akọ̀wé ń lò ní ọ́fíìsì kò ní *ẹ, ọ, ṣ*. Ẹni tí ó bìkítà a máa fi kálàmù tọ́ àmì sí abẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo wa lónìí lè kọ àwọn àmì wọ̀nyí bí a bá ṣètò rẹ̀, síbẹ̀ àṣà ọ́fíìsì ni a mú wọ inú rẹ̀.

IV. ÀYÍPADÀ 1974

Ní 1965 Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí àkọtọ́ Yorùbá, níbi tí ó ti yẹ ìlànà àtijọ́ wò, tí ó sì dábàá àtúnṣe. Ní 1966 a gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lórí ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Òun ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa títí di òní.

Kókó rẹ̀ ni pé kí a kọ ohun tí ẹnu ń pè. *Aiye* di *ayé*, *ẹiyẹ* di *ẹyẹ*, *enia* di *ènìyàn*, *yio* di *yóò*, *on* di *òun*, *nwọn* di *wọ́n*, *nyin* di *yín*, *obirin* di *obìnrin*, *ọkọnrin* di *ọkùnrin*. Lẹ́tà méjì tí a kò pè di ọ̀kan. *Alãfia* di *àlàáfíà*, kí ojú lè rí gbogbo ohùn tí etí ń gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti so pọ̀ ni a tú: *nígbà tí, kí ni, ta ni, ń lọ, kì í*.

Síbẹ̀ àkọtọ́ tuntun náà kò lè bọ́ pátápátá lọ́wọ́ àṣà. Ìró kan náà ni ó parí *ìbọn* àti *ìtàn* lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, ṣùgbọ́n a gbà pé lẹ́yìn *b, gb, f, p* àti *w*, *ọn* ni a ó kọ, bí *ọgbọ́n* àti *àwọn*. Lẹ́yìn àwọn yòókù, *an*, bí *ọ̀kan* àti *ìyàn*. Ọmọ tí ó kọ *ìtọ̀n* gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni àdéhùn.

Bí ẹ bá sì kọjá ààlà lọ sí Kétu tàbí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, níbi tí Yorùbá kan náà ń gbé, ẹ ó rí àdéhùn mìíràn. Láti 1975 ni ìlànà lẹ́tà àwọn èdè ilẹ̀ náà ti wà: *ɛ* ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ *ẹ*, *ɔ* níbi *ọ*, *kp* níbi *p*, *sh* níbi *ṣ*. Ohun tí tíṣà Èkó yóò fa ilà sí ni tíṣà ibẹ̀ yóò fún ní máàkì.

Nítorí náà, baba àgbà tí ó ṣe tán ní ilé ìwé kí 1974 tó dé, tí ó sì ń kọ *aiye* títí di òní, òfin tí a kọ́ ọ ni ó ń pa mọ́. Bíbélì tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò ka *aiye* tí kò ní mọ̀ pé ayé ni. Ẹ rántí ìtàn tí ó wà ní orí kejìlá Ìwé Àwọn Onídàájọ́, bí àwọn ará Gílíádì ti dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán àwọn ará Éfúráímù wò. Ẹni tí kò lè pe ìró *ṣ* ibẹ̀, tí ó pè é ní *s*, ni wọ́n ń pa. Ẹgbàá mọ́kànlélógún ènìyàn ni ó kú. Ìró náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń pè ní *s* títí di òní, tí wọ́n ń sọ *isu* fún *iṣu*. Ẹ̀rín tí a ń fi wọ́n rín kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n láti inú ilé kan náà ni ó ti wá.

V. ÀṢÌṢE TÍ Ó YẸ KÍ Ó DÙN WÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí èyí tí ń ba ìtumọ̀ jẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: *Oluwa wa*. Bí a bá kà á ní *Olúwa wà*, a jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run ń bẹ. Bí a bá kà á ní *Olúwa wa*, a sọ pé tiwa ni. Bí a bá kà á ní *Olúwá wá*, a sọ pé ó ti dé. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ mẹ́ta ni èyí, lẹ́tà wọn kò sì yàtọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ láìsí àmì ti fi ìdájọ́ lé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á sókè ní iwájú ìjọ.

A ti rí *Emi Mimo* lára aṣọ ẹgbẹ́ àti lára ọ̀págun. Bí ó ti wà lára aṣọ náà, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ń wí pé èmi fúnra mi ni mímọ́. Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó fẹ́ kọ. *Ese* lè jẹ́ ẹsẹ Bíbélì, tàbí ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń ronú pìwà dà rẹ̀, tàbí ẹ̀ṣẹ́ tí a fi ń lu ènìyàn. *Ojo Idupe* lè jẹ́ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, tàbí òjò, tàbí ìdúpẹ́ ojo ènìyàn. *Ogun* tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún lè jẹ́ ogún, ó sì lè jẹ́ ogun. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé pé ọ̀kan di èkejì láìsí ìrànlọ́wọ́ ìkọ̀wé.

A sì ti padà dé ọ̀rọ̀ kékeré tí a fi pe àwọn baba wa ní Freetown. *Ẹ kú ọdún* ni ìkíni. Bí a bá so ó pọ̀, tí a sì yọ àmì rẹ̀ kúrò, *Eku odun* ni ó kù, eku sì ni ẹran tí ń jẹ àgbàdo nínú àká. *Ẹ jọ̀ọ́* di *Ejo*, bóyá ejò ni, bóyá ẹjọ́ ni. Ó yẹ kí *ẹ* dá dúró, nítorí òun ni ọ̀wọ̀ tí a fi fún ẹni tí a ń kí.

Àwọn àṣìṣe mìíràn tún wà tí kò jẹ mọ́ àmì nìkan. Ọ̀pọ̀ ń kọ *mo mọ̀ wípé, mo gbọ́ wípé*, bẹ́ẹ̀ ni *wí* jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó mọ̀ kò tí ì wí. *Mo mọ̀ pé* tó. Ọ̀pọ̀ kì í ya *ohun* tí a lè fọwọ́ kàn sọ́tọ̀ kúrò lára *ohùn* tí a ń gbọ́, tàbí kúrò lára *òun* tí í ṣe ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí ni a lè bá ara wa wí lé lórí, nítorí òǹkàwé lè ṣìnà.

VI. OHUN TÍ A LÈ ṢE

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni padà sí ìlànà 1875. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ilé ìwé máa fi kọ́ ọmọ, èyí tí a fi ọwọ́ sí ní 1974 sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ láàrin àgbà tí ó di òfin ìgbà èwe rẹ̀ mú, ọmọ tí ó kọ bí ìlú ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, àti ẹni tí ó kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ nítorí pé ó ń kánjú. Àwọn méjì ìṣáájú kò ṣẹ̀ wá.

Ewu tí ó wà nínú ẹ̀gàn pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú àṣìṣe lọ. Ọmọ tí a fi ṣe ẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àmì kan kì í kọ Yorùbá lẹ́ẹ̀kẹta; Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa kọ, a ó sì yìn ín. A ti rí ìdílé ní Àgùdà yìí tí bàbá àgbà ń kọ lẹ́tà ní Yorùbá, tí àwọn ọmọ-ọmọ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, nítorí ẹ̀rù àṣìṣe ń bà wọ́n. Iṣẹ́ tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò parí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ra.

Nítorí náà a dábàá ohun mẹ́ta fún àwọn ìjọ. Èkíní, nígbà tí a bá ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìrìbọmi, kí akọ̀wé bi òbí léèrè bí a ti ń pè é, kí ó sì fi àmì rẹ̀ sí i. Kí *Ayo* má ṣe wà nínú ìwé láìmọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ayò tí a ń ta lábẹ́ igi. Èkejì, kí ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́ Ìsinmi gba ẹsẹ náà sílé ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ tí àmì rẹ̀ kò pọ̀, kí ó sì fi lẹ́ẹ̀dì tọ́ àmì sí ibi tí ìtumọ̀ lè yí. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tọ́ ìwé ẹlòmíràn sọ́nà ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì ní ìdí tí ó lè sọ jáde.

Àwọn ará tí wọ́n fún wa ní ìwé kíkà kò rí gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ ní ọjọ́ kan. Láti 1828 títí di 1974, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́jọ ni, wọ́n ń kọ, wọ́n ń pa rẹ́, wọ́n ń tún kọ. Kí Olúwa wa, ẹni tí ó wà, tí ó sì ti wá, ràn wá lọ́wọ́ láti fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bá ara wa lò.